Ohun Tí Ìtọ̀ Ń Sọ Nípa Ọkàn: Láti Ọmọ Ogún Ọdún Dé Ọ̀dọ̀ Àgbàlagbà

 

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa níbí ní Kánò, ẹni ọdún 44 tó ń ta ike, bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ tó bá ti gbé ẹrù díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó wọn bípì rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé ike kékeré kan lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ gba ìtọ̀ rẹ̀ wá. Ni ìyàwó bá fárígá. Ó ní, "Dókítà, ọkàn ló ń dà á láàmú, ìtọ̀ lẹ̀ ń bèèrè. Ṣé ìtọ̀ ló ní kó má lè mí ni?" Dókítà ò bínú. Ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti ń bàjẹ́, kíndìnrín wà lára àwọn tó ń tètè pariwo, inú ìtọ̀ ló sì ti ń pariwo."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. Àwa tí à ń kọ ìròyìn yìí, ọjà la ń tà, a kì í ṣe dókítà. Àmọ́ a ti bi àwọn tó mọ̀, a sì ti ka ohun tí a lè kà, torí pé ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa tá a fi ilé sílẹ̀ wá jẹun níbòmíì. Ẹ pa á mọ́ sórí fóònù yín. Ẹ máa rí ìdí tí ẹ fi máa padà wá kà á.

ÀṢẸ́KÙ ARA

Ẹni tó bá dé ọjà lẹ́yìn tí ọjà ti tú, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Àmọ́ tó bá wo ilẹ̀ dáadáa, á mọ ohun tí wọ́n tà. Èèpo ọsàn ló pọ̀ níhìn-ín, ìyẹ́ adìyẹ ló pọ̀ lọ́hùn-ún, ewé ẹ̀fọ́ tó ti rọ wà níwájú ibi táwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìtọ̀ rí. Oúnjẹ tí a jẹ, iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ṣe, ohun tí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ìfun fi oúnjẹ wa ṣe, gbogbo rẹ̀ ní àṣẹ́kù tí kíndìnrín ń sẹ́ sínú ìtọ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe irú àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ ní metabolite. Èyí tó wà nínú ìtọ̀ ènìyàn kan ṣoṣo kì í ṣe mẹ́wàá, kì í ṣe ogún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni.

Kí ló wá kan ọkàn níbẹ̀? Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, àṣẹ́kù náà ń sọ irú oúnjẹ tí à ń jẹ lóòótọ́, yàtọ̀ sí èyí tí à ń fẹnu sọ fún dókítà. Ìkejì, kíndìnrín fúnra rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ohun tó bá ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn àti ti ọpọlọ jẹ́, ó ń ba ti kíndìnrín náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

IYỌ̀ NI KÍ Á KỌ́KỌ́ SỌ

Nínú gbogbo ohun tí ìtọ̀ ń gbé jáde, iyọ̀ ni wọ́n ti fi ìtọ̀ tọpa rẹ̀ jù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nǹkan bíi 90 nínú ọgọ́rùn-ún sódíọ̀mù tí a bá jẹ lóòjọ́ ló ń bá ìtọ̀ jáde. Ẹni tó bá sọ pé òun ò kì í jẹ iyọ̀, ẹ ní kó gbé ìtọ̀ ọjọ́ kan wá. Ìtọ̀ ò mọ irọ́ pa.

Lọ́dún 1988, wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní INTERSALT jáde. Ènìyàn 10,079 ni wọ́n gba ìtọ̀ wákàtí 24 lọ́wọ́ wọn, láti ẹni 20 ọdún dé ẹni 59, ní ibi 52 ní orílẹ̀-èdè 32. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti rí i pé iyọ̀ inú ìtọ̀ kéré gan-an: méjì ní Bràsíl, ọ̀kan ní Papua New Guinea, ọ̀kan ní Kẹ́ńyà. Àwọn Yanomami inú igbó Bràsíl, iyọ̀ inú ìtọ̀ wọn kéré débi pé a lè sọ pé kò sí. Ní Tianjin ní Ṣáínà, ìyẹn tó ti gíramù 14 iyọ̀ lóòjọ́. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé níbi mẹ́rin tí iyọ̀ ti kéré yẹn, bípì àwọn àgbà ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ. Àwa tí a rò pé bí ènìyàn bá ń dàgbà, bípì gbọ́dọ̀ máa gòkè bí irun ṣe ń funfun, kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé tí gíramù 6 bá kúrò nínú iyọ̀ tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́, iye tí bípì òkè máa fi gòkè láti ọmọ ọdún 25 sí 55 á fi nǹkan bíi 9 sí 11 dín kù.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó kan àwa tí a ṣí kúrò nílé. Ní Kẹ́ńyà, àwọn oníwádìí tẹ̀lé àwọn ọmọ Luo tó fi abúlé wọn sílẹ̀ lọ sí Nairobi wá iṣẹ́, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tó dúró sílé. Ọdún 1990 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò pẹ́ táwọn tó ṣí lọ dé ìgboro tí bípì wọn fi ga ju ti àwọn ará ilé lọ. Wọ́n sanra sí i. Nínú ìtọ̀ wọn, sódíọ̀mù gòkè, pọ̀tásíọ̀mù rẹlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ìdílé kan náà ni. Ibi tí wọ́n ń gbé àti oúnjẹ tí wọ́n ń rà ló yí padà.

Ti wa náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 1997, àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláwọ̀ dúdú 10,014, tí wọ́n kó láti Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Jàmáíkà, St Lucia, Barbados àti Maywood tó wà lẹ́bàá Chicago. Ìbàdàn àti Ìgbò-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n lọ ní Nàìjíríà. Lápá ti wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ènìyàn 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láwọn erékùṣù Kàríbíánì, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé láàárín àwọn tó jẹ́ ọdún 25 sí 34, bípì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ọ̀nà pín. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, ẹ̀jẹ̀ ríru ń pọ̀ sí i ní Amẹ́ríkà ní ìlọ́po méjì bó ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní sísanra ni, àti iyọ̀ àti pọ̀tásíọ̀mù inú oúnjẹ. A ò gbọdọ̀ fi 16 yẹn yangàn o. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ti kọjá lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa wo oúnjẹ tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà báyìí tó máa sọ pé ó ṣì rí bíi ti Ìgbò-Ọrà ìgbà náà.

Ẹ wo bí à ń ṣe jẹun nínú ọjà. Ẹni tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ wà nílé lỌ́fà tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó dá nìkan ń gbé níbí, búrẹ́dì láàárọ̀, núdù lọ́sàn-án pẹ̀lú ìyẹ̀fun mágí inú rẹ̀, ṣúyà tàbí kílíṣí lálẹ́. Gbogbo ìyẹn ni iyọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì bu ṣíbí iyọ̀ kankan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíramù 5 iyọ̀ lọ lóòjọ́, ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan. Mágí wà nínú ìṣirò yẹn, búrẹ́dì wà níbẹ̀.

Káún náà wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà sí iyọ̀. Káún tí à ń fi se ewédú àti ẹ̀wà, tí àwọn Hausa ń pè ní kanwa, sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nílẹ̀ Hausa, wọ́n máa ń fi sínú kunu fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ń lá a fún ogójì ọjọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Zaria ti ń kọ̀wé nípa àwọn ìyá ọmọ tí ọkàn wọn ń rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ níhà ibẹ̀, wọ́n sì na ìka sí kanwa yẹn pẹ̀lú omi gbígbóná àti ooru ibùsùn. Àwọn dókítà ìsinsìnyí ṣì ń jiyàn bóyá kanwa ló fà á tàbí nǹkan mìíràn bí òṣì àti ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wa tó bímọ síbí, tí àwọn aládùúgbò fi ìfẹ́ gbé kunu wá fún, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa, kí ẹ sì mu ún níwọ̀nba. Tí bípì yín bá ga nígbà tí ẹ wà nínú oyún, ẹ má tilẹ̀ fẹnu kàn án.

Pọ̀tásíọ̀mù ló ń bá iyọ̀ jà, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọsàn àti iṣu ló pọ̀ sí. Ní Ṣáínà, wọ́n pín iyọ̀ tí wọ́n fi pọ̀tásíọ̀mù rọ́pò ìdá mẹ́rin rẹ̀ fún àwọn ènìyàn ní abúlé 600, tí ìdajì abúlé ń jẹ tiwọn lọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ènìyàn 20,995 ni gbogbo wọn, àwọn tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí tàbí àwọn tó ti pé 60 ọdún tí bípì wọn ga. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 2021, rọpárọsẹ̀ ti fi 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó jẹ iyọ̀ tuntun, ikú náà sì fi 12 dín kù. Àmọ́ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ní ìṣòro kò gbọdọ̀ jẹ irú iyọ̀ yẹn láì bi dókítà, torí pọ̀tásíọ̀mù tí kò ráyè jáde lè dá ọkàn dúró.

ALBUMIN: OMI TÓ Ń JÒ NÍNÚ ASẸ́

Èyí kì í ṣe àṣẹ́kù gan-an, ṣùgbọ́n òun ni àyẹ̀wò tó wúlò jù tí ẹ lè rí ṣe láwọn ilé àyẹ̀wò ìgboro. Albumin jẹ́ èròjà kan tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Tí kíndìnrín bá dára, asẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó kọjá. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ìtọ̀, ojú asẹ́ ti ń là nìyẹn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibòmíì náà sì lè ti máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Groningen ní Nẹ́dálándì, láàárín 1997 sí 1998, wọ́n fi ìgò kékeré ránṣẹ́ sí gbogbo ará ìlú tó jẹ́ ọdún 28 sí 75 pé kí wọ́n tọ̀ sí i láàárọ̀ kí wọ́n dá a padà. Ó lé ní 40,000 ènìyàn tó dá a padà. (A rò ó wò pé tí wọ́n bá ní kí àwa ṣe irú ẹ̀ ní Sabon Gari, àwọn kan á ní wọ́n fẹ́ fi ìtọ̀ àwọn ṣe oògùn.) Wọ́n tẹ̀lé àwọn ènìyàn náà fún nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Bí albumin bá di ìlọ́po méjì, ewu kí àrùn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa ènìyàn ń fi nǹkan bíi 29 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Èyí sì ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń kà sí pé kò tíì burú.

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí. Wọ́n ń wọn albumin, wọ́n sì ń wọn creatinine, tó jẹ́ àṣẹ́kù iṣan ara, wọ́n wá fi ọ̀kan pín èkejì. Ìdí ni pé ìtọ̀ tiwa nínú ooru Kánò tàbí Mákùrdí máa ń ki, ẹni tó mu omi púpọ̀ ìtọ̀ rẹ̀ á mọ́ gaara. Tí wọn ò bá pín in, wọ́n á máa fi omi tan ara wọn jẹ. Tí àbájáde bá wà nísàlẹ̀ 30 mg/g, ó dára. Láti 30 dé 300, ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá ju 300 lọ, kí ẹ má sùn lé e.

Ẹ má sì gbà kí àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kó yín láyà jẹ. Ibà, àrùn inú ìtọ̀, nǹkan oṣù obìnrin, àti iṣẹ́ agbára bíi kí ènìyàn já ẹrù tírélà láná, gbogbo rẹ̀ ló lè gbé e gòkè fún ọjọ́ díẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹ̀ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́ta bára mu kí wọ́n tó sọ pé ó dájú.

Bébà aláwọ̀ rírì tí wọ́n ń tẹ̀ bọ ìtọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, kì í tètè rí albumin kékeré. Ó lè sọ pé kò sí nǹkan, kí nǹkan sì wà. Orúkọ tí ẹ máa bèèrè fún ní láàbù ni ACR. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

ÀWỌN ÀṢẸ́KÙ TÍ WỌ́N ṢẸ̀ṢẸ̀ Ń KỌ́ NÍPA WỌN

Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ kan tí àwọn tó ṣáájú wọn wà ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ìtọ̀ ènìyàn 4,630, ọmọ ọdún 40 sí 59, láti Ṣáínà, Jàpáànù, ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi wo ìtọ̀ náà, kì í ṣe bébà. Wọ́n rí i pé àwọn tí formate àti hippurate pọ̀ nínú ìtọ̀ wọn, bípì wọn máa ń rẹlẹ̀. Àwọn tí alanine pọ̀ nínú tiwọn, bípì wọn máa ń ga.

Kí ni hippurate? Tí a bá jẹ èso àti ewébẹ̀, àwọn kòkòrò inú ìfun máa ń fọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ̀dọ̀ á wá so ó pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, á sì di hippurate. Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ìtọ̀ ń ròyìn, ó ń ròyìn àwọn ayálégbé inú ìfun náà. Formate, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó ní í ṣe pẹ̀lú bí kíndìnrín ṣe ń gba iyọ̀ padà.

TMAO lèyí tí wọ́n ń pariwo jù. Ẹran pupa àti ẹyin ní nǹkan tí àwọn kòkòrò inú ìfun ń jẹ, ẹ̀dọ̀ á sọ ohun tí wọ́n pọ̀ jáde di TMAO, kíndìnrín á sì tì í síta. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011 àti 2013 fi hàn pé àwọn tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú ń bá jù. Àwọn tí wọ́n wò lọ́dún 2013 jẹ́ 4,007. Ẹ ti gbọ́. Ẹ wá gbọ́ ìdí tí a ò fi gbọdọ̀ sáré: ẹja òkun fúnra rẹ̀ ní TMAO tirẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹja láná, ìtọ̀ rẹ̀ lónìí á kún fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹja kì í ṣe ọ̀tá ọkàn. Bákan náà, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa, TMAO á kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láì jẹ́ pé ó jẹ ẹran kankan. Nítorí náà iye kan ṣoṣo kò tó láti dá ẹjọ́.

Ìdí tá a fi ń sọ èyí ni pé àwọn kan ti wá bá wa nínú ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan dání, wọ́n ní kí á di irin mú, kí á tọ̀ sínú ife, wọ́n á sì sọ ọjọ́ orí ọkàn wa. Wọ́n tẹ bébà jáde fún gbogbo ènìyàn. Gbogbo bébà ló ní àrùn ọkàn, gbogbo rẹ̀ ló sì parí sí oògùn tí wọ́n kó wá nínú báàgì. Àwọn kan ra oògùn yẹn lára owó ẹrù. Àwọn àṣẹ́kù tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ wọ̀nyí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò wọ́n wúwo, ó wọ́n, ilé ìwádìí ló ń gbé. Kò sí èyí tó wọ inú báàgì. Àwọn onímọ̀ ṣì ń kó o jọ kí wọ́n lè mọ ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá kí ó tó dé, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ìṣirò àtijọ́ kì í tètè rí.

ỌJỌ́ ORÍ ŃKỌ́?

Àwọn ìṣirò tí dókítà ń lò láti mọ ewu àrùn ọkàn, ọjọ́ orí ló gbé ẹrù jù nínú wọn. Ìyẹn fi ọmọ ọdún 28 sí ibi tó léwu, torí ìṣirò á máa sọ fún un pé kò sí nǹkan, kó dẹ̀ jẹ́ pé ohun tó máa ṣe é ní 45 ti ń fìdí múlẹ̀. Ibi tí ìtọ̀ ti wúlò nìyẹn. Fún ẹni 20 sí 39, ohun tí ìtọ̀ rẹ̀ máa sọ jù ni bó ṣe ń jẹun: iyọ̀ pọ̀, ewébẹ̀ kéré. Ó ṣì ní àkókò láti yí i padà. Tí albumin bá wà níbẹ̀ ní ọjọ́ orí yẹn, kò yẹ kó wà, ẹ tọpa rẹ̀. Àìsàn kíndìnrín kan wà tó ń bá ìran wa jà jù àwọn mìíràn lọ: lọ́dún 2010 àwọn onímọ̀ rí ẹ̀yà àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní APOL1, tó pọ̀ láàárín wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan àwa Yorùbá, ó sì ń jẹ́ kí kíndìnrín tètè bàjẹ́ fún àwọn tó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń ṣàìsàn.

Obìnrin tó bá lóyún, tí bípì rẹ̀ ga, tí wọ́n sì rí èròjà albumin nínú ìtọ̀ rẹ̀, ewu ni fún òun àti ọmọ, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ohun tí wọn kì í sọ fún wọn ni pé lẹ́yìn ìbímọ, kódà tí gbogbo rẹ̀ bá ti lọ, ewu àrùn ọkàn lọ́jọ́ iwájú ga ju ti obìnrin tí kò ní i rí. Ẹ máa sọ ọ́ fún dókítà yòówù tí ẹ bá pàdé, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún.

Ẹni 40 sí 59, inú ibẹ̀ ni àwa náà wà. Ìgbà yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń wọlé wẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọ̀kan nínú méjèèjì, kó ṣe ACR lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni o, kò pọ̀ jù. Àwa ọlọ́jà sì ní ìwà kan: ẹ̀yìn ń dùn wá látàrí ẹrù, a ó sì ra ibuprofen tàbí diclofenac ní kẹ́mísí, a ó máa lò ó bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn oògùn yẹn ń gbé bípì gòkè, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́ tí ìlò wọn bá pẹ́. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá gbé ìtọ̀ lọ. Àgbo tí ẹ ń mu náà, ẹ sọ ọ́, ẹ má tijú.

Àwọn àgbà tó ti kọjá 60, ìṣòro wọn tún yàtọ̀. Iṣan ara wọn ti dín kù, creatinine inú ìtọ̀ wọn náà ti dín kù, èyí lè mú kí ìpín náà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀dọ́kùnrin alágbára tó ń gbé ẹrù, tiẹ̀ lè rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Dókítà tó bá mọṣẹ́ á ro ìyẹn mọ́ ọn. Tí wọ́n bá sì rí ṣúgà nínú ìtọ̀ bàbá kan, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè oògùn tó ń lò. Àwọn oògùn tuntun fún ìtọ̀ ṣúgà àti ọkàn tó rẹ̀, bíi dapagliflozin àti empagliflozin, iṣẹ́ wọn gan-an ni kí wọ́n ti ṣúgà jáde sínú ìtọ̀. A mọ bàbá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ gba oògùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé wọ́n rí ṣúgà nínú ìtọ̀. Oògùn tó ń gbà á là ni wọ́n gbà sọ nù.

BÍ Ẹ ṢE MÁA GBÉ E LỌ

Ti ACR, ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló dára jù. Ẹ fi omi ṣan ara yín, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ lọ sílẹ̀, kí ẹ wá gba ti àárín sínú ike tí láàbù fún yín. Kì í ṣe ìgò ohun mímu tí ẹ fọ̀. Ẹ má gbé e sínú mọ́tò nínú oòrùn kí ẹ tó yà sí ọjà. Láàárín wákàtí kan sí méjì ni kó ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ti wákàtí 24, tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe é, ẹ da ìtọ̀ àkọ́kọ́ ọjọ́ yẹn nù, ẹ kọ aago sílẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo èyí tó bá jáde, inú kẹ́ẹ̀gì ni, títí kan ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan, ó ti bàjẹ́. Ẹ mú ọjọ́ tí ẹ ò ní lọ sọ́jà. Ọ̀kan nínú wa gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà ń béèrè iye tó ń ta epo yẹn.

Gbogbo rẹ̀ ò sì ní ìtumọ̀ tí ẹ ò bá wọn bípì. Ẹ gbé àbájáde méjèèjì lọ bá dókítà kan náà, kí ẹ fi ìwé pamọ́. Àwa tí à ń lọ tí à ń bọ̀ láàárín ilé àti ibi tí à ń gbé, ìwé wa ń sọ nù sí méjì: ìdajì wà ní Kánò, ìdajì wà ní Ìlọrin. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù.

Oníke wa ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń lo oògùn rẹ̀, kì í gbé ẹrù mọ́, ọmọ iṣẹ́ ló ń gbé e. Ìyàwó rẹ̀ tó fárígá lọ́jọ́ náà ló ń gbé ike ìtọ̀ lọ sí láàbù báyìí, ó sì ti kó mágí kúrò nínú ilé ìdáná rẹ̀. Irú ló fi rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí á bá òun kọ ọ́ síbí pé ọbẹ̀ náà ń ta sánsán.